Okùn Àbí Ohùn

Ẹnu dírìlì ti wà ní ìdí gìtá náà, ṣùgbọ́n ìka Dókítà kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti gbé e kúrò. Ihò kì í ṣe kókó téèyàn á ta tán tí á tún tú. Bí wọ́n bá ti dá igi lu, wọ́n ti dá a lu nìyẹn.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Dókítà, torí kò sí àìsàn tó lè ṣe gìtá tí obìnrin náà kò tọ́jú rí: èyí tí ọrùn rẹ̀ wọ́, èyí tí ikùn rẹ̀ là, èyí tí ọmọdé jókòó lé. Ó ti ki ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà bọ ikùn gìtá tó lé ní igba, kò sì sí èyí tó lé oorun kúrò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Nígbà tí bàbá náà ń lọ, ó fi irin iṣẹ́ sílẹ̀ fún Dókítà, ó sì fi gìtá sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n Dókítà. Nínú gbogbo ohun tí bàbá fi sílẹ̀, gìtá yẹn nìkan ló ṣì ń fọhùn.

Ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ni ìṣòro. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Elétí-Ehoro. Ó lè wà ní yàrá kejì kó sọ fún ọ pé okùn kẹta ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé, Dókítà já okùn kan, ó sì yára fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Òun kan náà ló máa ń fi àwọn tó ń ki wáyà bọ gìtá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ gún igi lábẹ́rẹ́ tán, ẹ tún ń retí kó rẹ́rìn-ín." Kí ló wá dé tó fi gbé gìtá bàbá wọn wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí Dókítà fi ẹ̀rọ sí i, torí òun máa fi ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan? "Àwọn èèyàn ò gbọ́ mi mọ́." Ohun tó sọ nìyẹn, kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ti wá pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa wá gbé e.

Dókítà ti pè é lórí fóònù láàárọ̀, bóyá yóò yí ọkàn padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yẹn lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí o."

"Okùn? Ra tuntun sí i! Èwo ni ti ẹ̀rù níbẹ̀?"

"Ohùn ni mo wí!"

"Mo gbọ́! Tuntun!" Ó ti pa á. Dókítà ṣépè fún nẹ́tíwọ́kì, ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè nítorí eruku igi, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó tẹ dírìlì náà. Igi náà ké, ihò sì ti yọ.

Ó fa wáyà gba inú ihò náà. Ó yọ eegun pẹlẹbẹ tí àwọn okùn ń gùn lé, ó fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀rọ náà sábẹ́ rẹ̀, ó dá eegun padà, ó sì so okùn tuntun. Lẹ́yìn náà ló ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn okùn tó nípọn ń dún bí wọ́n ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ó kan okùn kìn-ín-ní, èyí tó tín-ín-rín jù, tó jẹ́ pé ìka á ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́ kí igbe rẹ̀ tó tán nínú ilé. Ohùn rẹ̀ wá rí bí ohùn ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀.

Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó tún eegun fá, ó tún un tò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ gan-an ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sàn díẹ̀. Àbí kò sàn? Ó ti gbọ́ okùn kan ṣoṣo yẹn débi pé kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀rù mọ́. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pinnu pé òun á jẹ́wọ́, òun ò sì ní dé gbọ̀ngàn náà rárá. Ojú wo ni òun fẹ́ fi wò ó lórí pèpéle?

"Àbúrò!" Ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú ariwo, ó fa àga kan, ó jókòó. "Yọ nǹkan yẹn lẹ́nu jàre. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Àìpẹ́ yìí ló sọ òwe yẹn di orin, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí kì í pa á fún.

Dókítà kò yọ ọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣe bí ẹni ń wá wáyà lórí pẹpẹ, torí ìtìjú kò jẹ́ kó lè wojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ohùn ẹ̀ ti yí padà."

"Okùn? Mo ti rí i. Ó ń dán."

"Ohùn. Mo ti ba ohùn Bàbá jẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ẹ̀gbọ́n dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá náà.

Dókítà ká èjìká sókè, ó ń retí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yóò dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Ó dé orí okùn kìn-ín-ní, ó kọjá. Ó padà síbẹ̀, ó tún kọjá. Dókítà yíjú. Ẹ̀gbọ́n ti tẹ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ èjìká gìtá náà, ó dijú pinpin.

"Fi sí sípíkà," ó ní. Dókítà fi sí i. "Gbé e sókè. Sí i. Sí i, jàre." Àwọn ìgò gọ́ọ̀mù orí pẹpẹ ń gbọ̀n. Ó ń ṣe Dókítà bíi kó di etí. Ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó là, tí omi sì lé ròrò sí i. "Òun rèé, ohùn Bàbá," ó ní. "Ṣé o ò rí i? Òun rèé."

Ẹ̀rù tó ti jókòó sí Dókítà láyà láti àárọ̀ dìde, òmíràn sì jókòó sí ipò rẹ̀. Ó rántí fóònù àárọ̀. Ó rántí gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ní kí òun kọjú sí i, tó sì jẹ́ pé ẹnu òun ló ń wò, kì í ṣe ojú. Nẹ́tíwọ́kì kò ṣe nǹkan kan.

Ó pa sípíkà. Ó fa ìbòmú sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ó gbé àpótí wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó. "Ohùn ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi pa á dé. "Okùn lo wí," ó béèrè, "àbí ohùn?"

Dókítà fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀. "Ohùn. Ti okùn kìn-ín-ní."

Ẹ̀gbọ́n wo okùn náà, ó fi èékánná ta á. "Ìyẹn? Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà náà, ó ń ká a díẹ̀díẹ̀, kò gbójú sókè. "Bó bá wá ń dún jù lórí pèpéle ńkọ́? Ta ló máa sọ fún mi?" Ó gbójú sókè láti gba èsì.

"Èmi ni. Iwájú pátápátá ni màá jókòó sí."

Ẹ̀gbọ́n fi orí dáhùn pé ó dáa. Ó na ọwọ́, ó yọ ìbòmú náà kúrò lọ́rùn àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn èérún igi.

"Jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹnu ẹ," ó ní.