Mi Ò Ní Yọ Orí Kẹrin

Télọ̀ ni mí. Ìyàwó mi ló ń fọ́ bíríkì. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí àwọn oníbàárà mi bá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe ní yunifásítì, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Òótọ́ ni. Ìwádìí tó ń ṣe láti gboyè ọ̀mọ̀wé, bíríkì ni. Á pò ó, á jẹ́ kó gbẹ, á rì í sómi, á tún sá a, lẹ́yìn náà á gbé e sábẹ́ irin ńlá kan tó máa tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa fọ́, kó lè mọ bó ṣe lágbára tó. Ìyá Bíríkì ni wọ́n ń pè é ní láàbù wọn. Èmi náà ti gbà á mọ́ wọn lẹ́nu.

Kì í ṣe bíríkì lásán o. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí rẹ̀ ló ṣàwárí ẹ̀. Dípò kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì púpọ̀ sí i, wọ́n á fi eérú ìdọ̀tí tí wọ́n ti sun rọ́pò ìdajì rẹ̀. Bíríkì náà fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì le. Àwọn oníròyìn gbé ọkùnrin náà gẹ̀gẹ̀. Fọ́tò ibi tó ti ń gba àmì ẹ̀yẹ wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ìlú ní àwọn máa fi bíríkì yìí kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun sí apá ìsàlẹ̀, níbi tí odò ti máa ń kún wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní kí ìyàwó mi lọ wò ó bóyá omi lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó dá a lójú pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ó ṣe é.

Tí bíríkì náà bá wọ omi lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá ń rin, tó ń gbẹ, tó tún ń rin, inú rẹ̀ á máa rọ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Tẹ́ ẹ bá wò ó, bíríkì gidi ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ irin, á fọ́ bíi bisikíìtì. Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó po òmíràn. Ó pààrọ̀ yanrìn, ó lọ gba eérú níbòmíràn, ó tún pò ó. Ohun kan náà ló ń rí. Ó wá kọ gbogbo rẹ̀ sí orí kẹrin ìwé rẹ̀, ó gbé e lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, kì í sì í bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ọmọ mi, ìwé yìí dáa. Orí kẹta dáa gan-an. Yọ orí kẹrin."

"Sà, orí kẹrin gan-an ni ìwádìí náà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ṣì kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. O máa gboyè. A sì ń wá olùkọ́ kan sí ẹ̀ka wa, mo ti fi ẹnu bà á fún wọn pé ìwọ ni."

"Ilé ìgbẹ̀bí yẹn ńkọ́, sà?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ ni?" Ó ti ìwé náà padà síwájú rẹ̀. "Bíríkì tèmi kì í fọ́. Tó bá ń fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ò dáa."

Ìyàwó mi kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní yọ ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò burú, òun náà ò ní fọwọ́ sí i. Kó gbélé rẹ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gba ìyàwó mi wọlé nígbà tí àwọn yòókù ń sọ pé aboyún ò lè máa gbé bíríkì. Nígbà tó bímọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá kí wa, ó gbé ọmọ mọ́ra títí ọmọ fi tọ̀ sí i lára. Ìyẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun ìyàwó mi wọ egungun.

Yàrá kan là ń gbé nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá ti ń ránṣọ, ọmọ ò ní sùn. Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa, ó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ sì ṣì dà bíi ti ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n rọbí.

"Lọ bẹ̀ ẹ́," Màmá ní. "Ọ̀gá rẹ ni. Bẹ̀ ẹ́, gbàwé rẹ, kó o wá máa ṣe tìẹ."

"Màmá, tí mo bá débẹ̀, tó bá ní kí ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún, kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé o ṣẹ̀."

"Kí ni mo ṣẹ̀?"

Màmá yíjú sí mi. "Ìwọ bàbá ọmọ, sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Àbí ìwọ náà ti di bíríkì ni?"

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn la gbójú lé láti kúrò nínú yàrá kan. Mo ní, "Ìyá Bíríkì, ṣé kò sí bó o ṣe lè kọ ọ́ kó rọ̀ díẹ̀?"

"Bíríkì ló rọ̀," ó dá mi lóhùn. "Èmi ò ní rọ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n fẹ́ fi í kọ́, ní etí odò."

Màmá, tó ń ká aṣọ ọmọ, dáwọ́ dúró. "Ilé kí ni?"

Ìyàwó mi tún un sọ.

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti gbẹ̀bí rí nínú omi tó dé orúnkún mi. Obìnrin náà di ògiri mú. Ògiri yẹn nìkan ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé." Ó tún mú aṣọ náà, ó ká a. "O ò ní yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ nínú ilé yìí."

Bíi pé àwa la dá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀!

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ míì bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi wọ láàbù nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó kí i dáadáa, ó wá ní, "Sà, ẹ ní ọwọ́ mi ni ò dáa. Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ tiyín pò ó."

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló máa kọ irú ẹ̀ níwájú ọmọ iléèwé? Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ kóòtù, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó da yanrìn sílẹ̀, ó gbọn eérú lé e. Ìyàwó mi ní ibẹ̀ gan-an lòun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, torí ọwọ́ ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé pé òun ń bínú. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń fọwọ́ tẹ eteetí mọ́ọ̀dù tó rọ ọ́ sí. Ó tiẹ̀ ní, "Ọmọ mi, bu omi díẹ̀ sí i," ìyàwó mi sì bu ú, bí ìgbà àtijọ́. Nígbà tó parí, ó fi ìṣó kọ àmì ara rẹ̀ sára gbogbo bíríkì náà.

Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó na ìka sí ìyàwó mi.

"A máa rì lára wọn sómi bó o ṣe wí, a máa tọ́jú ìyókù sí gbígbẹ. Mo máa fọwọ́ sí i pé kó o wá dúró níwájú àwọn olùdánwò, ojú wọn la ó sì ti fọ́ ọ. Tí kò bá tètè fọ́, orí kẹrin á kúrò, ìwọ náà á kúrò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà."

Ọjọ́ ìdánwò náà, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Màmá jókòó síwájú pátápátá, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Olórí àwọn olùdánwò jẹ́ obìnrin tó ti ilé ẹ̀kọ́ míì wá, ẹni tín-ín-rín kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó da ìbéèrè bo ìyàwó mi títí, ìyàwó mi ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà obìnrin náà dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo bíríkì."

Gbogbo wa rọ́ lọ sí láàbù. Wọ́n gbé bíríkì tó ti ń wọ omi tó ń jáde, tí àmì Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára ẹ̀, sábẹ́ irin. Ọwọ́ tó ń ka agbára lára ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò tíì dé ìdajì ibi tó yẹ kó dé tá a fi gbọ́ ọ: *pọ̀ọ́*. Eérú tú sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ń parọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Ó ti gbó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́!"

Ìyàwó mi ò bá a jiyàn. Ó lọ gbé ọ̀kan nínú èyí tó gbẹ wá fúnra rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀rọ gòkè, ó gòkè, ó gòkè, ó dé ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ sínú ìwé tó fi gbàmì ẹ̀yẹ gẹ́lẹ́, kí bíríkì náà tó fọ́.

"Sà," ìyàwó mi ní, "tí ẹ̀rọ yìí bá ń parọ́, a jẹ́ pé irọ́ ló pa fún ìwé tiyín náà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Obìnrin tín-ín-rín yẹn bọ ìyàwó mi lọ́wọ́, ó ní kó lọ tún àṣìṣe ojú ewé mélòó kan ṣe, pé ó ti yege. Ìyàwó mi ní orí kẹrin ńkọ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án," ó ní. Màmá ké tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi rò pé ìka ẹnì kan ló há sábẹ́ irin.

Wọn ò fún un níṣẹ́ olùkọ́ náà. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e fún, àwọn kan ní ẹ̀ka yẹn sì ń kí i láìwojú ẹ̀. Kò torí ìyẹn jókòó. Ó gbé orí kẹrin lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú. Wọ́n ní kó lọ kó padà wá, ó padà lọ. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀gá fi gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde. Níkẹyìn, wọ́n wó ohun tí wọ́n ti mọ nísàlẹ̀, wọ́n fi bíríkì sìmẹ́ǹtì gidi mọ ọ́n kọjá ibi tí omi lè dé, wọ́n wá fi bíríkì eérú mọ òkè, níbi tó ti wúlò. Ìyàwó mi ti ń kọ́ àwọn bíríkìlà níṣẹ́ báyìí. Yàrá kan náà la ṣì wà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìgbẹ̀bí náà, wọn ò pè é. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí mo rán fún un, ó ní, "Télọ̀ mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Èmi, òun àti Màmá bá lọ jókòó sórí àga iwájú, níbi tí wọ́n tọ́jú fún àwọn ẹni ńlá. Kò sẹ́ni tó lè lé Màmá dìde lórí àga.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Ó ti rí wa. Ó sọ̀rọ̀ nípa eérú, ó sọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí, ó wá wo ọ̀dọ̀ wa. "Ìsàlẹ̀ ilé yìí," ó ní, "sìmẹ́ǹtì ni, torí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rí nínú ìwádìí." Ó ṣí ojú ewé tó kàn.

"Akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbí o!" Màmá pariwo. "Ẹ ní kó dìde, ká rí i!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Ìyàwó mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó dìde. Ó dìde.