Amọ̀ Lára Igi

Ọ̀bẹ wọ èèpo igi náà, amọ̀ sì ya lulẹ̀ pẹlẹbẹ. Egbò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi dúdú ń sun jáde níbẹ̀, ó ń rùn bí ọtí tó ti kan. Dókítà Ewé wà lórí eékún rẹ̀, kò kọ́kọ́ gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Igi kì í rẹ́ amọ̀ sí ara rẹ̀. Ẹnì kan ló rẹ́ ẹ, ó sì fara balẹ̀ dán an, torí ipa ìka mẹ́rin ṣì hàn níbi tó ti gbẹ.

Oko gẹdú bàbá rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Bàbá nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Dókítà Ewé. Wọn a ní ṣé igi máa ń yọ ahọ́n fún un kó wò ni. Yẹ̀yẹ́ ni nígbà náà, àmọ́ orúkọ ọ̀hún lẹ̀ mọ́ ọn bí oje. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lépa àrùn kan ṣoṣo, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀ tútù, tó ń jẹ àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́, tó jẹ́ pé kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ikú ti wọlé. Kò sí oògùn rẹ̀. Kí wọ́n gé igi tó ń ṣàìsàn àti gbogbo èyí tó múlé tì í ni, kí wọ́n sun gbòǹgbò wọn, kí ẹsẹ̀ èèyàn má sì tẹ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Olóko mọ́kàndínlógójì ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ó dìde, ó lọ sídìí igi kejì. Amọ̀. Ìkẹta, amọ̀. Ó fa máàpù oko náà yọ, ó ń fi bírò pupa sàmì sí igi tó bá ti rí egbò lára rẹ̀. Nígbà tó kan ìkẹtàdínlógún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn àmì náà kò fọ́n káàkiri, wọn ò sì tẹ̀ lé ipa odò bíi ti oko àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibòji tí òun máa ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n ya bàrá gba ẹ̀gbẹ́ kànga, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá.

Ọ̀nà tí òun ń gbà nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti inú igbó tí igi ti ń kú, tààrà ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá, tòun ti bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń fọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá ti rẹ èèyàn, tí ebi sì ń pa á, ṣé gbogbo ìgbà náà ni? Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń pa òwe yẹn fún àwọn olóko.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó ti yẹ̀.

“Bàbá, ta ló rẹ́ amọ̀ sára igi?”

Òòlù dúró lókè. “Kòkòrò ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Amọ̀ máa ń lé kòkòrò.”

“Bàbá.”

“Ṣé ọmọ tí mo bí ló fẹ́ máa pè mí ní òpùrọ́ ni?”

“Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀, sà. Ìbéèrè ni mò ń bi yín.”

Arúgbó náà gbé òòlù sílẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn gbin àwọn igi náà, lọ́dún tí ọmọ yìí wọ iléèwé. “Láti ìgbà òjò èṣín ni,” ló wí níkẹyìn. “Èyí tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ ló kọ́kọ́ dá egbò.”

“Èṣín! Ká ní ẹ sọ fún mi nígbà yẹn, igi mẹ́ta péré là bá gé!”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ wá dákẹ́?”

“Orí bẹ́ǹṣì yìí náà lo jókòó sí, tí o ní oko tí o bá ti rí àrùn yìí, ọdún mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo ṣírò ọjọ́ orí mi. Wọ́n á kó mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí n máa wo ògiri. Ọjọ́ Ẹtì á dé, níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ?”

Ó jókòó tì í. “Èmi ni mo gbé e wá, Bàbá. Bàtà mi ni.”

“Mo ti fura.”

“Ẹ ò sì sọ nǹkan kan.”

“Ẹni tó wá kí ni, ṣé ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ là ń wò?”

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ro gbogbo rẹ̀. “Àwọn agégẹdú á dé lọ́la,” ni ọ̀gá náà wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Àmọ́ odò kan kọjá nítòsí ibẹ̀, àbí? Kọ ọ́ pé odò ni.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó gbé àrùn dé, ó kọ ọ́ pé: *bàtà olùwádìí*. Ó kà á sókè.

“Kọ tèmi náà mọ́ ọn,” ni Bàbá wí. “Má yọ mí sílẹ̀.”

Àyè kan wà fún ìyẹn, *Ìwà olóko*. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló ti kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbẹ̀: *ó fi àrùn pamọ́*. Ó rántí opó kan tó kó igi ìdáná jọ bo ìdí igi rẹ̀ kan, tó sì fẹ̀yìn tì í, tí kò kúrò níbẹ̀. Ó rántí ọkùnrin tó ní òógùn lásán ni igi òun ń là. Ó kọ tiwọn, ó yíwèé, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bi ẹnì kankan nínú wọn pé kí ló dé. Fọ́ọ̀mù náà kò kúkú ní ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fọ́ọ̀mù náà.

Ó yí ìwé náà dé ẹ̀yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó gbé bírò lé e.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tún un sọ.”