Adájọ́ Ilé Ọtí Tí Kì í Mutí

Làtíìfù kò fẹnu kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, síbẹ̀ kò sí ilé ọtí àwọn ará Ireland kan láti Peckham títí dé Forest Hill tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣe ń wọlé ni ẹni tó wà lẹ́yìn kántà á ti máa gbé omi tíì kaná, tí á sì máa jí ojú rẹ̀ wò bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò. Ẹni tí kò bá mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ á ní irọ́ ni mò ń pa.

Malachi ló fà á. Ọmọ Ireland ni Malachi, òun àti Làtíìfù jọ wa bọ́ọ̀sì ní gáréèjì kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tán, ìyàwó Malachi kú, orúnkún rẹ̀ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wa mọ́tò mọ́. Baba náà wá ń jókòó sílé rẹ̀ nítòsí Peckham Rye, ó ń wo ògiri. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó wù ú: ó fẹ́ dé gbogbo ilé ọtí àtijọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ní gúúsù London kí wọ́n tó sọ gbogbo wọn di fúláàtì, kó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Làtíìfù ní mọ́tò. Ó ní òun á máa gbé e lọ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, inú mọ́tò ló máa ń jókòó sí, tí á máa gbọ́ wáàsì lórí fóònù. Òtútù ló lé e wọlé. Ó wá kọ̀rọ̀ kan jókòó sí, ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì, ojú rẹ̀ sì ń lọ yíká gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n jáde, Malachi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Làtíìfù ní mẹ́wàá ti báwo? Tọ́lẹ́ẹ̀tì wọn kò ní ọṣẹ, tábìlì ń mì, ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí ká kò sì kí ẹnì kankan. Mẹ́rin ni òun fún wọn. Malachi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pín iṣẹ́: Malachi á dájọ́ bíà dúdú, Làtíìfù á dájọ́ gbogbo ohun tó kù.

Ká má purọ́, Malachi kì í ṣe adájọ́ rárá. Mẹ́wàá ló ń fún gbogbo wọn. Tó bá ti mu ife kejì, ó lè fún bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó wà níta ní mẹ́wàá pẹ̀lú. Máàkì Làtíìfù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn onílé ọtí, torí ojú tó fi máa ń wo ilé àna ló fi ń wo ilé ọtí. Ṣé wọ́n kí èèyàn? Ṣé wọ́n béèrè ẹni tí kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé ife tíì mọ́? Onílé ọtí kan ní Deptford ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó jọ̀ọ́, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀, pé àwọn ń kun ilé lọ́wọ́.

Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Rye Lane, mọ gbogbo rẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú.

"Daddy Yusrah," ló máa ń sọ, "ẹ ò mutí, mo mọ̀. Ọlọ́run náà mọ̀. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

Làtíìfù á rẹ́rìn-ín, á ní kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin náà gọ̀ díẹ̀. Ọmọ Yorùbá ń gbé Peckham, ó ní kò sẹ́ni tó ń wo òun.

Ìgbà tó yá ni Yusrah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, mú Sherifdeen wá sílé. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, inú Làtíìfù sì dùn sí i. Bàbá ọmọ náà, Alhaji Abdulqoyyum, ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ní Deptford. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. A kì í kàn ní kí ọmọ lọ gbé ìyàwó wálé láìṣe ìwádìí: ṣé wọn kì í jalè nínú ìdílé náà, ṣé kò sí àìsàn tí wọ́n ń fi pamọ́, ṣé bàbá ìyàwó kì í ṣe ọ̀mùtí. Alhaji bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo ẹnu sì ń sọ rere nípa Làtíìfù, àfi ẹnu Aunty Àìṣát, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí náà.

Orí òkè bọ́ọ̀sì ni Aunty Àìṣát wà tó fi rí Làtíìfù tó ń jáde nílé ọtí ní Forest Hill lọ́sàn-án gangan, tí òyìnbó kan gbé apá lé e léjìká, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń sanra bó ti ń rìn, nígbà tó sì fi dé Deptford, Làtíìfù ni wọ́n ń gbé jáde, tí kò mọ ibi tó wà mọ́.

Alhaji pè é lórí fóònù.

"Daddy Yusrah, a máa wá rí yín ní Thursday, tá a bá kírun ọ̀sán tán. Èmi àti Mummy Sherifdeen. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ wá lọ́kàn." Ó gé fóònù láì béèrè ara ilé.

 Làtíìfù pe ìyàwó àti ọmọ, ó sì rò ó fún wọn. Àsúmáù kò sọ pé ṣebí mo wí; ó kàn wò ó, èyí sì burú ju kó sọ ọ́ lọ. Yusrah ló sọ̀rọ̀.

"Daddy, I'm not even vexed, swear down. Mi ò bínú. But like, ẹ ò lè kàn mu tea nílé ni? A ní kettle." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, wọ́n sì gbọ́ tó ń sunkún.

Ẹkún yẹn ló ṣe Làtíìfù léṣe jù. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ara rẹ̀ lọ. Ó gbé fóònù, ó pe Malachi.

"Mr Malachi," ló wí, torí láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò ti lè pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ lásán bí òyìnbó ti ń ṣe, "mi ò ní lè wá ní Thursday yìí. Ó jọ pé mi ò ní lè wá mọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Malachi ní kò burú. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé kò burú. Kò béèrè ìdí. Làtíìfù kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtìjú sì bò ó, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ọmọ ni.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àsúmáù ti se jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ti din dòdò, ó ti tú sóbò sínú jọ́ọ̀gì tí wọn kì í gbé jáde fún ẹni tí kò ṣe pàtàkì. Àwọn àna wọlé. Alhaji Abdulqoyyum sanra, ó sì rọra jókòó bí ẹni tí àga kò dá lójú. Alhaja, ìyàwó rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, kò bá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga kan náà, kò sì bojú wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Làtíìfù rò pé òun ni wọ́n ń bínú sí.

Alhaji wú ikọ́.

"Daddy Yusrah, wọ́n ní wọ́n ń rí yín ní pub. Èmi ò kí ń gbọ́ ti ẹnì kan dájọ́. Nílé, tá a bá fẹ́ wádìí èèyàn, ibi tó máa ń jókòó sí la máa ń lọ. So mo lọ."

"Ẹ lọ síbo, Alhaji?"

"Pub."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Àsúmáù.

"Mo wọ jalàbíà mi, mo dé fìlà mi, mo wọlé. Mo ní mo fẹ́ béèrè nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lateef. Wọ́n rò pé council ló rán mi. Obìnrin tó wà ní kántà fà mí lápá lọ wo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Mi ò béèrè tọ́lẹ́ẹ̀tì o. Ó ní kí n bá àwọn sọ fún yín pé àwọn ti ra ọṣẹ." Ó nu iwájú orí rẹ̀. "Wọ́n ní tea lẹ ń mu. Mo lọ sí òmíràn, tea. Mo tún lọ sí òmíràn, tea. Wọ́n ń bu fún èmi náà, mò ń mu ún."

Ara Làtíìfù balẹ̀ díẹ̀. Alhaja sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ sọ ìyókù fún wọn."

Alhaji wolẹ̀. "Aunty Àìṣát rí mi."

"Ó rí wọn," Alhaja ní. "Ó rí wọn tí wọ́n ń jáde ní pub, ó sì pè mí níbi iṣẹ́, ó ń bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí n mú sùúrù, pé àdúrà á gbà á."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá Yusrah ń dún kíkíkí. Alhaji yára gba ibòmíràn lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Ibi kan wà lójú ọ̀nà Camberwell. Tea wọn dáa. Wọ́n kí mi. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ń dán. Èmi ì bá fún wọn ní eight. Wọ́n ní ẹ̀yin fún wọn ní two. Kí ni wọ́n ṣe yín?"

Ibi tí Làtíìfù ti gbàgbé pé iwájú àna lòun wà nìyẹn.

"Two pọ̀ fún wọn! Ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni. Orúnkún Mr Malachi ti wú, ó fara ti ọ̀pá. Àwọn géńdé jókòó sórí gbogbo àga, onílé ọtí gan-an jókòó, wọ́n ń wò ó. Wọ́n fi àgbàlagbà sílẹ̀ lórí ìnàró. Kí wọ́n fi wúrà ṣe tọ́lẹ́ẹ̀tì, two ni."

Alhaji mi orí, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà gba two. Alhaja ń wo Làtíìfù.

"Bàbá yẹn, tó ń jẹ́ Malachi. Thursday lẹ máa ń gbé wọn jáde, àbí? Thursday lónìí. Ta ló lọ gbé wọn?"

"Kò sẹ́ni, Mummy Sherifdeen."

"Kí ló dé?"

"Mo sọ fún wọn pé mi ò ní lè wá mọ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nítorí tiyín ni. Nítorí Yusrah."

"Ẹ fún àwọn ará Camberwell ní two torí wọ́n fi baba sórí ìnàró. Ẹ̀yin tí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, mélòó lẹ fún ara yín?"

Làtíìfù wá máàkì náà káàkiri inú ara rẹ̀. Kò rí ìkankan tó ṣeé mú jáde. Ojú tì í níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú àna, àti níwájú ọmọ tó ti rọra ṣílẹ̀kùn.

"Òdo ni," ló wí.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," Alhaja dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́. "Ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ àna tó máa torí mi já èèyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá tún wí tiwa ńkọ́, ọmọ mi lẹ máa já sílẹ̀? Ta ni àgbà tó ń bá yín jókòó sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí?"

"Gbogbo ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ìsẹ́yìn, Mummy Sherifdeen. Kò sí àgbà kankan fún mi ní London."

"Ó wà. Ẹ lọ mú wọn wá. A ò ní bẹ̀rẹ̀ láìsí àgbà lọ́dọ̀ ìyàwó."

Sálúbàtà ni Làtíìfù fi sáré wọ mọ́tò. Nígbà tó dé Peckham Rye, Malachi ń bẹ lórí fẹ́ǹsì kékeré iwájú ilé rẹ̀, ó ti de bọ́tìnì kóòtù dé ọrùn, ó dé kẹ́ẹ̀pù, ó gbé ọ̀pá sórí itan. Omijé gbọ̀n sí Làtíìfù lójú.

"Mi ò retí rẹ," Malachi ní. "Mo kàn wọṣọ ni, torí Thursday ni."

"Ẹ foríjì mí, Mr Malachi. Ohun tí mo ṣe kò dáa."

Malachi ní kó gbé òun dìde. Ó béèrè ilé ọtí tí wọ́n ń lọ. Làtíìfù ní ilé òun ni, pé wọ́n wá tọrọ Yusrah, pé Malachi ni àgbà tó máa jókòó fún ìdílé ìyàwó. Nígbà tí wọ́n dé ibi iná tó ń dá mọ́tò dúró, Malachi béèrè ohun tí òun máa ṣe.

"Ẹ kàn jókòó. Ẹ má tètè gbà. Tí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ẹ lè wá gbà."

Ẹ̀rù ń ba Làtíìfù, torí ó mọ ẹni tó gbé. Ó mọ̀ pé bí Alhaji bá ṣe ń yanu ni Malachi á gbé ọmọ fún un pẹ̀lú mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ó ṣì í mọ̀. Malachi bọ́ kẹ́ẹ̀pù, ó jókòó, Yusrah sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Alhaji ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí, àwọn wá bẹ̀bẹ̀. Malachi ní òun gbọ́. Iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin náà ń ṣe? Wọ́n sọ ọ́. Ṣé ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, àbí ìyá ló ń pè é? Alhaja rọra yí ìjókòó padà. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ṣé ó mọ oúnjẹ sè? Irú oúnjẹ wo? Ta ló kọ́ ọ?

Ìbéèrè ń lọ, jọ̀lọ́ọ̀fù ń tutù, òógùn sì ń bo Làtíìfù. Ó tẹ̀ sí baba náà létí, ó ní ó ti tó, kó gbà.

"Jókòó jẹ́ẹ́," Malachi sọ fún un. "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíà. Ọmọ wa ni."

Alhaja ní kí wọ́n jẹ́ kí baba máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ.