Wọ́n Wá Kó Ara Wọn Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ rélùwéè ṣe wọ Rodolphe lára tó, kó lọ wo yàrá tí Christelle ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó lọ sílé ọkọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ mọ́. Tábìlì gbọọrọ kan ló gba ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ìlú Dásà tí wọ́n ń gbé sì wà lórí tábìlì náà: àwọn òkè, ibùdókọ̀, àti ojú irin tó gba àárín wọn kọjá. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe ni pé kó fi àsíá júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ọkọ̀ ò wá mọ́, tí koríko bo irin, ara rẹ̀ ò gbà á. Ló bá ní òun á tún un kọ́ sínú ilé òun.

Ẹ má sọ pé eré ọmọdé ni o. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ló rẹ sómi, tó fi mọ àwọn òkè, tó wá da iyanrìn sí i lára kó lè rí págunpàgun bí àpáta. Kànhìnkànhìn tó pa láró ni igi. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í dá rìn, ọwọ́ ló fi ń tì í, ìyẹn ò sì ká a lára. Ohun tó ká a lára ni èèyàn. Ó ní ibùdókọ̀ tí kò sí èèyàn níbẹ̀, kí ni wọ́n kọ́ ọ fún?

Ló bá ń fi wáyà àti amọ̀ ṣe èèyàn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kò wù ú kó kàn kùn wọ́n lọ́dà lásán. Ó lọ bẹ Ràhímọ́tù aránṣọ nínú ọjà pé kó máa bá òun tọ́jú ègé aṣọ àwọn tí òun bá dárúkọ, kí ẹni tó bá wọlé lè dá ara rẹ̀ mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n sì dá ara wọn mọ̀ lóòótọ́. Modeste tó ń kó iṣu wá láti Soclogbo rí ara rẹ̀ nínú bùbá aláwọ̀ ewé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tí kò tíì sí níbẹ̀ ń bínú. Achille, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, fún un ní ègé kákí ìgbà iṣẹ́ wọn, Rodolphe sì fi sára ère rẹ̀, ó gbé àsíá lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Ère Gisèle, ìyàwó Rodolphe, dúró létí irin, abọ́ ọsàn lórí, nítorí ibẹ̀ ni Rodolphe ti kọ́kọ́ rí i nígbà èwe, tó ń sáré tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀. Gisèle fúnra rẹ̀ ló gé etí ìró ìgbà náà fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń nu eruku, apá aṣọ rẹ̀ sì kọ́ ère Achille. Apá ọ̀tún ère náà kán. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun á tún un lẹ̀. Kò tíì lẹ̀ ẹ́ tí alùpùpù fi gbé Achille ṣubú lọ́nà Lèma, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán.

Diane, ìyàwó Achille, ló wá ròyìn fún un. Inú yàrá yẹn ló bá a, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ère kákí tó sùn sílẹ̀ láìlápá. Kò pariwo. Ó kàn bi í pé ìgbà wo ni apá yẹn ti kán.

Rodolphe ní, “Ó ti kán kí Achille tó ṣubú.”

Àbí irú òtítọ́ wo nìyẹn! Irọ́ bín-ń-tín kan ì bá gbà á, ṣùgbọ́n irọ́ ò mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ bá gba ìlú pé ohun tó bá ṣe ère Rodolphe ló ń ṣe ẹni tó ni ín. Modeste ló kọ́kọ́ dé, ó ní ọmọ-ọmọ òun ń sunkún pé òun fẹ́ fi ère náà ṣeré. Ràhímọ́tù ránṣẹ́ pé kó jọ̀wọ́ má dárúkọ òun. Ézéchiel tó ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà wá, ó ní òun ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ìyàwó òun ni kò lè sùn. Rodolphe ń kó wọn fún wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ojú kọ́ọ̀lù tó fi lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ nìkan ló ń kù síbi tí wọ́n dúró sí.

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu Achille, gbogbo rẹ̀ á parí. Ó lọ kí i. Diane dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ òun ń sùn. Rodolphe sì ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé, tó ń béèrè pé ta ló wà níta. Diane dáhùn pé Rodolphe ni. Ohùn náà dákẹ́. Rodolphe padà sílé, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun.

Nínú gbogbo àwọn ère tó dúró, ti Gisèle nìkan ló kù. Ẹnu Gisèle mú, ó sì bá àwọn obìnrin ìdí omi ẹ̀rọ fà á pé ọkọ òun ò lè ṣe eṣinṣin ní nǹkan kan. Láràárọ̀, Rodolphe á lọ wo ọlọ́sàn létí irin, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí gbogbo Dásà bá kó ara wọn lọ, èyí ò ní lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó ti Mísà dé, ó wọ yàrá náà. Ọlọ́sàn ṣì dúró síbẹ̀, abọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ló wà, amọ̀ àti wáyà. Wọ́n ti fi omi rẹ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ó má baà kán.

Kò mọ ìgbà tó jókòó. Gisèle dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Bàbá Christelle, mi ò gbà wọ́n gbọ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò gbà wọ́n gbọ́.”

Rodolphe ṣì ń wo ọlọ́sàn náà.

“Aṣọ nìkan ni mo mú.”

Ó bi í pé níbo ni aṣọ náà wà. Gisèle wo ilẹ̀.

“Mo ti sun ún.”

Rodolphe dìde. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo ọlọ́sàn náà, abọ́ àti gbogbo rẹ̀, kí ojú má baà tì í.