Ẹ̀bẹ̀ Tí A Kì Í Kọ̀

"Tiinai, sálúbàtà mélòó ni mo ń wò lẹ́nu ọ̀nà yìí?"

Màdáàmù Kamla, ìyá onílé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó dúró sábẹ́ agbòjò rẹ̀, ó ń nàka sí ilẹ̀. Tiinai yọjú, ó sì rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ó ti bẹ àwọn àlejò rẹ̀ kí wọ́n máa rọra sọ̀rọ̀, ó ti fi aṣọ bo fèrèsé, ṣùgbọ́n ta ni í wọ bàtà wọlé ní Suva, ní ilẹ̀ Fiji? Gbogbo bàtà inú yàrá ló tò síta bí ẹlẹ́rìí: tirẹ̀, ti ọkùnrin gìrìpá kan, ti ìyàwó ọkùnrin náà, àti pupa kékeré kan tí ọmọ ọdún méjì ń wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹbí mi ni wọ́n. Láti Tarawa, nílé wa ní Kiribati, ni wọ́n ti wá. Ojú ló ń dun bàbá, wọ́n wá gba ìtọ́jú."

"Ọlọ́run á wo ojú wọn sàn. Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ. Nígbà tí o gba yàrá, kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ ní èèyàn kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé èèyàn kan nìyí, àbí èrò ọkọ̀ ojú omi? Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí mo tún rí ju bàtà ẹnìkan lọ níbí, gbogbo yín lẹ máa kẹ́rù yín. Ìwọ náà!"

Ó yí padà, ó lọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìdánwò àṣekágbá Tiinai.

Nínú yàrá, Bauro, àbúrò bàbá rẹ̀, wà lórí ibùsùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó fi aṣọ tútù bo ojú. Kaure, ìyàwó rẹ̀, ti tẹ́ ẹní sí ibi tí Tiinai máa ń jókòó kàwé tẹ́lẹ̀. Sera, ọmọ-ọmọ wọn, ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni Tiinai fúnra rẹ̀ ń sùn.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ìbá rọrùn bí wọ́n bá burú. Ọjọ́ tí wọ́n dé, Bauro dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní, "Ọmọ mi, mo bubuti ọ. Fún wa níbi tí a máa gbé." Ọmọ Kiribati tí ẹbí rẹ̀ bá fi bubuti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí wọ́n tọrọ ti di tiwọn. Kò sí ọlọ́pàá tó máa mú ẹni tó bá kọ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délé, wọ́n á ní ó ti di òyìnbó. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Tiinai yọ̀ǹda yàrá, ó yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀dì, ó tún yọ̀ǹda fáànù.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ nípa omi ló ń kọ́, olùkọ́ rẹ̀ sì ti sọ fún un pé bó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò yìí, àyè wà fún un láti tẹ̀ síwájú nílẹ̀ òkèèrè, ní Auckland. Kò sọ ọ́ fún ará ilé kankan. Ó ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí oorun bá kọ̀ tí kò wá.

"Lé wọn," Losalini, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Fiji, sọ ní ilé ìkàwé.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Mo ti fún wọn. Tiwọn ni."

"Àwa náà ń tọrọ nǹkan o. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi tọrọ tẹlifíṣọ̀n wa, ilé wọn la wá ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n yàrá! Ó dáa, tó bá jẹ́ tiwọn lóòótọ́, ìwọ náà lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

Tiinai bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, Kaure bu ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Bauro ń yọ Tiinai lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe gbẹ. Ṣé òun ló ń jẹ ìwé ni àbí ìwé ló ń jẹ ẹ́?"

Tiinai gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, mo bubuti yín."

Ṣíbí Kaure dúró. Bauro gbójú sókè, ó fi ojú rẹ̀ tó pọ́n wò ó. "Kí lo fẹ́?"

"Yàrá yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní yàrá yìí. Màdáàmù fẹ́ lé gbogbo wa, ìdánwò mi sì ti dé."

Ó ń retí ìbínú. Bauro lu itan rẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú tó ń dùn ún.

"Kaure, o gbọ́? Ó bèèrè! Tiinai, àtìgbà tí a ti dé lo ti ń fún wa, o ò tọrọ ohunkóhun rí. Mo ń sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ yìí ò kà wá sí ẹbí mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ òun ni kì í tọrọ. Gbà á, tìẹ ni. Àwọn ará wa wà ní gbọ̀ngàn ìjọ, ọ̀dọ̀ wọn la máa kó lọ láàárọ̀."

Tiinai sunkún. Ayọ̀ ni, ojú sì tún ń tì í fún ayọ̀ náà.

Òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bauro gbé Sera ṣáájú. Kaure ló kẹ́yìn, ó ti ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ti wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tiinai."

"Mà."

"Iyọ̀ ti wọ kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Kókò tí ìyá bàbá rẹ gbìn ti kú tán. Òjò ni Sera ń mu, tí òjò bá sì dá, àdúrà ló kù. Ìwọ ló ń kọ́ nípa omi." Ó gbé ẹní náà sí apá kejì. "Mo bubuti ọ. Tí o bá parí ìwé rẹ, máa bọ̀ wálé."

Tiinai wá ọgbọ́n àrékérekè lójú rẹ̀, kò rí i. Obìnrin náà kò gbọ́ nípa Auckland rí. Bó bá ti gbọ́, Tiinai ìbá rí nǹkan bínú sí. Ó ronú irọ́, irọ́ kò wá. Òjò ń rọ̀ sórí ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì dúró, ó ń retí, láìkánjú.

"Mo ti fún yín, mà."

Kaure mi orí sókè sódò, bí ẹni tí wọ́n fún ní ife omi kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò.

Kò pẹ́ tí Màdáàmù Kamla fi jáde. Ó wo ẹnu ọ̀nà, bàtà ẹnìkan ló rí.

"Ó dáa báyìí," ó ní. "Yàrá ti wá di tìẹ nìkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Tiinai ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sí àárín ilẹ̀, níbi tí ẹní náà wà tẹ́lẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa kànga tí iyọ̀ wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.