Yàrá Tí Ọkọ Mi Ń Pa Wọ́n Sí

Ọkọ mi ti pa èèyàn tó lé ní ogójì, inú yàrá kan ṣoṣo ló sì ti pa gbogbo wọn. Iṣẹ́ tó yàn láàyò nìyẹn. Ìwé ìtàn ọ̀daràn ló ń kọ, òun náà ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé aláwòrán kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú èyí tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Olójúkan ti ń lé apànìyàn kiri. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ń pè é ní Apanimáyọdà, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Èmi tí mo fẹ́ ẹ sílé mọ̀ pé kò lè pa aáyán. Bí aáyán bá yọjú, orí àga ló ń gùn, á wá máa ké pè mí bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí.

Ọwọ́ ló fi ń kọ̀wé, èmi ni mo máa ń fi taipù tẹ̀ ẹ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ burú débi pé èmi nìkan ni mo lè kà á, bóyá ìdí tó fi fẹ́ mi náà nìyẹn. Kò sí òkú kan nínú àwọn òkú rẹ̀ tí kò gba abẹ́ ìka mi kọjá. Mo mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ kẹ́yìn, mo mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀bẹ̀, mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ni ẹnì kan máa ń kan ilẹ̀kùn.

Ìdí tí yàrá náà fi jẹ́ ẹyọ kan ni pé ọkọ mi kì í rántí nǹkan. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tó kọ, apànìyàn gba ojú fèrèsé wọlé, nígbà tó máa jáde, ibi tí ògiri wà ló gbà. Àwọn òǹkàwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ló bá jókòó, ó ro yàrá kan, ó ní ibẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni tó bá máa kú yóò ti máa kú látìgbà náà lọ. Ilẹ̀ yàrá náà jìn ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á kọsẹ̀. Fèrèsé wà lápá òsì, irin mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ti àárín sì wọ́. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé gun ògiri dé ìdajì, ìyókù funfun. Òjò ti jò sí igun àjà kan, ojú ibẹ̀ sì ti pọ́n bí ìpẹta. Ayàwòrán tí wọ́n jọ ń ṣe ìwé Olójúkan ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí, ó gbé e kọ́ síwájú ara rẹ̀ kí òun náà má baà ṣìnà. Ìlú ń yí, òkú ń yí, yàrá ò yí. Òǹkàwé kankan ò sì fura.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ẹ̀kẹta yìí sì ń dà á láàmú. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá tuntun fún wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, kí ó tó gbéra lọ sí ìrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni dókítà sọ fún un pé kó dùbúlẹ̀: kò gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò, kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, àfi tí ó bá fẹ́ bí. A wá lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ọkọ mi ló ṣáájú. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ó kọsẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fẹnu gbálẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí èmi náà wo ilẹ̀ ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo yíjú sápá òsì, mo rí irin mẹ́ta, mo rí èyí tó wọ́. Mi ò tíì wo ògiri kí n tó mọ àwọ̀ rẹ̀.

Orí ibùsùn ni ọmọ wa wà, ó ń ká aṣọ ọmọ tuntun, ó sì ń kọrin lábẹ́nu.

Ohun tó já mi láyà jù nìyẹn. Nínú ìwé tó wà lórí taipù mi nílé, aboyún kan wà nínú yàrá náà tó ń ká aṣọ ọmọ tuntun, tó ń kọrin lábẹ́nu. Apànìyàn ti ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kọ ọ́ dé kí ọmọ wa tó kó wá síbí rárá. Ó ní aṣọ ọmọ máa ń pa àwọn òǹkàwé lẹ́kún.

"Kí ló dé tí ẹ ń wo ilé bí ẹni tó fẹ́ rà á?" ọmọ wa bi wá.

Bàbá rẹ̀ sọ fún un, ó ń kólòlò. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Bàámi, ẹ̀yin lẹ pa gbogbo wọn. Kí ni yàrá ṣe?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá onílé, obìnrin kan tó ti dàgbà, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Mo bi í bóyá nǹkan kan ń ṣe yàrá òkè yẹn.

"Mo sọ fún ọkọ ọmọ yín," ó wí láìgbójú sókè. "Ó ní òun ò bẹ̀rù ariwo."

"Ariwo wo, Màmá?"

"Tàwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ni." Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ eku ló ṣe sọ ọ́. "Ó ti pẹ́. Bí yàrá bá ṣófo, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin kan ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, mo gbé ìkòkò kaná nílé, ọmọ mi sì wà nítòsí iná.' Obìnrin kan ní kí wọ́n gba aago ọwọ́ òun, pé wúrà ni. Ẹnì kan á wá kànkùn, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́."

Oníkòkò yẹn, télọ̀ ni. Èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo tilẹ̀ sunkún sórí rẹ̀. Obìnrin aláago náà, mo mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo wọn ló ń dákẹ́?" mo bi í.

"Ó ku ẹyọ kan. Omi ló ń tọrọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọrọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kànkùn fún òun. Títí dòní ló ń tọrọ omi."

Mo dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Ọkọ mi kọ ìwé kan dé àárín rí, ó ní kò dùn, ló bá dáná sun ún. Òùngbẹ ń gbẹ ẹni tó wà nínú yàrá ìwé náà.

"Báyìí ńkọ́?"

"Báyìí, obìnrin kan ló ń kọrin lábẹ́nu. Ó ti wà níbẹ̀ kí ọmọ yín tó kó dé. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ yín ni mò ń gbọ́." Ó já òwú. "Ṣùgbọ́n ohùn méjì ni."

Mo sọ gbogbo ohun tí ìyá onílé wí fún ọkọ mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí a délé, mo lọ dúró ti taipù. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fa ìwé yìí ya."

"Kí ó wá dà bíi ti olómi?" ọkọ mi wí.

"Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà jáde nínú yàrá nígbà náà."

"Á jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ìwọ lo tẹ gbogbo ẹ̀. Ìgbà wo lo tẹ̀ ẹ́ rí pé ó padà lọ́wọ́ òfo?"

Ó mú bírò, ó kọ̀wé láìgbórí sókè, ó sì nà án sí mi. Ó kọ ọ́ pé bàbá arúgbó kan ṣílẹ̀kùn, ó kọsẹ̀, ó sọ fún aboyún náà pé ìyá rẹ̀ ń pè é níta. Aboyún náà dìde, ó jáde. Bàbá náà jókòó sórí àga. Òwú ló fi so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀ bí ọkọ mi ṣe so tirẹ̀, ó sì ń gbàgbé nǹkan.

Mo bú u. Mo pè é ní òpònú, mo ní ta ló fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún lọ́jọ́ ogbó mi. Mo ronú kan ọmọ mi tó sùn sábẹ́ àjà tó ń pọ́n bí ìpẹta yẹn, mo sì fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Mi ò yí ọ̀rọ̀ ọkọ mi padà rí, àfi àmì ohùn tí kò lè fi síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí bàbá náà ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo rí i pé gbogbo àwọn tí a pa látẹ̀yìnwá, kò sí ìkankan tó ní ẹnì kejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jókòó de ikú. Inú bí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ní kó sún, ó sì jókòó tì í. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn." Mo fa bébà yọ níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olómi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọkọ mi kà á. "Ìwọ obìnrin yìí," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé rẹ̀ pé ìwé náà ò ní parí. Wọ́n bínú. Kí wọ́n máa bínú.

Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ wa bímọ. Ó ní òun gbọ́ ohùn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń pe òun, òun sì dìde láti dá mi lóhùn. Èmi wà nílé mi, ọ̀nà sì jìn. Bó ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìrọbí mú un, ìyá onílé ló bá a wá mọ́tò tó gbé e lọ sí ọsibítù. Obìnrin ló bí, ara àwọn méjèèjì le. Ilé wa ni wọ́n gbà bọ̀, kò sì padà sí yàrá náà mọ́.

Kò pẹ́ tí ìyá onílé fi pè mí lórí fóònù láti kí mi kú oríire. Mo fi ọgbọ́n bi í nípa òkè.

"Hẹn, arúgbó méjì ló wà níbẹ̀ báyìí."

"Ṣé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀?"

"Bẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ìjà ni wọ́n ń jà! Obìnrin ní ọkùnrin ló gbàgbé agboòrùn sínú ọkọ̀, ọkùnrin ní irọ́ ni. Ẹnì kan wá kànkùn. Mo ní ó tán, wọ́n máa tó dákẹ́. Ìyá arúgbó yẹn ló lọgun pé, 'Ẹ dúró níta ná, a ò tíì parí ọ̀rọ̀ wa!'"

Mi ò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹni tó kànkùn ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ń dúró dè wọ́n."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ mi wà lórí àga gbọọrọ, ọmọ-ọmọ wa sùn sí i láyà. Mo ní kó sún, mo jókòó tì í.

"Ẹ̀yin lẹ gbàgbé agboòrùn wa sínú ọkọ̀ níjọ́sí," mo wí.

"Irọ́ ni," ó dáhùn.

Mo fèsì, òun náà fèsì, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó jẹ́ òun ni, mi ò gbà fún un. Mo ní ó tún kù, ìgbà yẹn tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé ńkọ́?