Ihò Tó Wà Nínú Ẹ̀dà Kẹtàlélọ́gọ́ta

Nígbà tí páálí kẹta dé, Télọ̀ kò dúró wá ọ̀bẹ. Àlùmọ́gàjí ńlá tó fi ń gé aṣọ kóòtù, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà láti ogójì ọdún, ni ó fà yọ, ó sì la páálí náà láti etí dé etí. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ìkángun kejì tábìlì, gbójú sókè wò ó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá kékeré.

Páálí wà nínú páálí. Bébà rírún kún inú èyí tó wà nínú. Lábẹ́ bébà, pátákó tín-ín-rín méjì. Láàárín pátákó, ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa gbágbáágbá. Nínú ọ̀rá, ìwé aláwòrán kan tí èèpo rẹ̀ ń dán bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Télọ̀ ya ọ̀rá náà dànù. Kò wo akọni tó dúró níwájú ìwé, kò wo ìtàn. Ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n ló ṣí tààrà, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó sì rí igi tó wà ní òdìkejì títì láti inú ihò onígun mẹ́rin kan báyìí.

"Wọ́n tún ti gé e!"

"Ihò yẹn náà ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ihò yẹn náà ni! Àbí ihò gan-an ni wọ́n ń tà?"

"Bàbá wọn, ẹ rọra o. Ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Fi ẹ̀jẹ̀ mi sílẹ̀ jàre. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi ló gé ìwé."

Ọ̀rọ̀ ihò yìí ti pẹ́. Nígbà tí Télọ̀ wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá wọn máa ń mú ìwé aláwòrán kan bọ̀ wálé ní òpin oṣù, ìtàn ọkùnrin awakùsà kan tó wa ilẹ̀ títí tó fi já sí ìlú mìíràn lábẹ́ ilẹ̀. Òórùn yíǹkì tútù á gba gbogbo yàrá kan. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ni wọ́n jọ ń du ìwé yẹn. Ní oṣù kan, Télọ̀ jókòó, ó kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé náà, ó fi owó ìpápánu ra sítáǹbù, ó sì fi í ránṣẹ́. Kò tíì rí èsì kankan nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọkọ àǹtí wọn láti lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ibẹ̀ ló wà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan fi kọ ìwé pélébé sí i pé: "Mo rí orúkọ rẹ nínú ẹ̀dà kẹtàlélọ́gọ́ta."

Oṣù méje ni kò fi sùn dáadáa. Nígbà tó padà wálé ní ìparí ọdún, kò tíì kí ìyá rẹ̀ tán tó fi sáré lọ síbi tí ìwé wà. Ó ṣí ojú ewé tí wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé sí. Ihò ló bá níbẹ̀.

"Kúpọ́ọ̀nù ni mo gé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó wà lẹ́yìn ojú ewé yẹn. Tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, wọ́n á fún un ní báàjì."

"Lẹ́tà mi ńkọ́?"

"Lẹ́tà wo? Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. O kàn ń parọ́ ni."

Báàjì náà kò dé títí dòní. Ṣùgbọ́n orúkọ dé. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè é ní Akọ̀wé Olóòtú. Tí Télọ̀ bá sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Ṣé bíi ti lẹ́tà yẹn?" Ó sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó Télọ̀, lójú àwọn àna. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú bàbá wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta rèé, ó ṣì ń sọ ọ́.

Àwọn ìwé bàbá wọn ti bá òjò lọ tipẹ́, lábẹ́ òrùlé tó jò. Ẹ̀gbọ́n náà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin, ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kan ti kú, èkejì ń ṣókùnkùn, dókítà sì ti ní kò dájú pé yóò ríran kọjá ọdún yìí. Ohun tí Télọ̀ fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ojú kan tó kù yẹn rí lẹ́tà náà kó tó di pé ó pa dé.

Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí oníṣòwò ẹ̀dà àtijọ́ tó tóbi jù lọ, ẹni tí ìwé àtẹ ọjà rẹ̀ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀dà kẹtàlélọ́gọ́ta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ipò mẹ́ta: Ó Dára, Ó Dára Púpọ̀, Ó Dára Jù Lọ. Télọ̀ kọ́kọ́ ra Ó Dára. Ihò. Ó ra Ó Dára Púpọ̀. Ihò. Ojú iṣẹ́ ló fi wo etí wọn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe gé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọmọdé ló gé àkọ́kọ́, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tó kú, abẹ ni wọ́n fi gé èkejì, wọ́n sì fi rúlà tì í. Ẹni tó ni ẹ̀kẹta yìí kò tilẹ̀ gé e, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi ahọ́n lá a, ó sì fà á ya.

Télọ̀ gbé fóònù. Lẹ́yìn tí orin ti dún sí i létí títí tó fi fẹ́ẹ̀ há a sórí, akọ̀wé ilé ìtajà náà gbé e, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ihò."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èwo nínú wọn, sà?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!"

"Ṣé ara èèpo ni ihò náà wà?"

"Inú ni. Ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n."

"Háà, inú!" Obìnrin náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Tó bá jẹ́ inú ni, ipò rẹ̀ ò yí padà, sà. Èèpo la máa ń wò, àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ṣé ẹ kì í ṣí i ni?"

"Ká ṣí i kẹ̀? Rárá o! Tá a bá ṣí i, ó ti di ìwé tí wọ́n ti ṣí nìyẹn. Ipò rẹ̀ á já."

"Ìwé ni, ìyá mi! Kí ni wọ́n ń fi ìwé ṣe?"

"Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ni, sà."

Télọ̀ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà. "Ẹ gbọ́. Ẹ bá mi wọ ilé ìkẹ́rùsí yín lọ. Ẹ bá mi wá èyí tó ti ya, tó ti dọ̀tí, tí eku ti jẹ èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ pé."

"Ẹ fẹ́ èyí tó bàjẹ́?"

"Mo fẹ́ èyí tó pé!"

"Èyí tó bàjẹ́, a kì í tà á, sà. Àwọn tó ń lọ bébà la máa ń kó o fún. Ti ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní ọjọ́ Tuesday."

Ìyàwó Télọ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ó ku ẹnì kan. Dókítà Eléyín, ọ̀rẹ́ Télọ̀, ti ń ra ìwé lọ́wọ́ oníṣòwò yìí kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Orí ìlà nílé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti mọra, tí oníkálukú ń bú páálí tirẹ̀. Nínú yàrá tí Dókítà ti ń wo aláìsàn, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tó kún fún ìwé aláwòrán, gbogbo wọn nínú ọ̀rá. Ẹ̀dà kẹtàlélọ́gọ́ta rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn. Ipò rẹ̀: Kò Lábàwọ́n.

"Ṣí i fún mi," ni Télọ̀ wí.

"Orí ẹ ò pé ni? O fẹ́ kí n pa á?"

"Ṣé ìwọ fúnra ẹ ti kà á?"

"Kà á bíi ti báwo? Èmi kì í ṣe ọmọdé."

"Dókítà, tí aláìsàn bá jókòó sórí àga yẹn, ṣé ètè ẹ̀ lo máa ń wò, tó o fi máa sọ pé eyín ẹ̀ kò lábàwọ́n? Ṣé o kì í ní kó la ẹnu ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Dókítà lára. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé ìwé náà sórí àga aláìsàn, ó tan iná ńlá sí i lórí, ó fi abẹ la ọ̀rá náà, ó sì fi ẹ̀mú wẹ́wẹ́ rẹ̀ ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá ibi tí eyín ti ń dun ọba. Nígbà tó dé ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n, ó dúró.

"Ihò," ni Télọ̀ wí.

"Ọdún mọ́kànlá!" Dókítà já ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu nǹkan yìí!"

Lójú ẹsẹ̀ ló pe ilé ìtajà náà. Télọ̀ gbọ́ ohùn tútù yẹn láti ibi tó dúró sí. "Ẹ ti ṣí i, sà? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tí wọ́n bá ti ṣí i, a ò lè gbà á padà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Télọ̀ ki ẹ̀dà kẹta bọ àpò, ó sì wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tó kọ ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

"Akọ̀wé Olóòtú! Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ láti ẹnu géètì."

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Télọ̀ jókòó. Ó rò ó fún un láti orí páálí àkọ́kọ́ títí dé orí àga aláìsàn. "Ó ti sú mi. N ò rí i rà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i kí ojú yín tó... Kò burú. Ẹ máa pè mí ní òpùrọ́ lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ojú kúrò ní fèrèsé. "Mélòó lo ní o rà?"

"Mẹ́ta."

"Torí ojú mi yìí?"

"Torí ojú yín ni."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Kò gbìyànjú àtiwò ó. Ó fi ìka tọ etí ihò náà yíká, díẹ̀díẹ̀. "Ẹni yìí fà á ya jù. Ó fa ti adìyẹ yẹn mọ́ ọn."

"Adìyẹ wo?"

Ẹ̀gbọ́n pa ìwé náà dé, ó gbé e lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, adìyẹ wo? Awakùsà ló wà nínú ìwé. N ò rí adìyẹ kankan níbẹ̀ rí."

Ẹ̀gbọ́n gbin. Ó fa àpò owó rẹ̀ yọ lápò ẹ̀yìn, ó wá ẹ̀yìn káàdì ojú irin rẹ̀ àtijọ́, ó sì mú bébà kan jáde níbẹ̀, pélébé, ó ti pọ́n bíi tíì. Télọ̀ gbà á. Kó tó kà á ló ti rí etí rẹ̀: abẹ ìfárùngbọ̀n bàbá wọn ni. Inú ń bí ẹni tó gé e. Abẹ ti yẹ̀ ní igun kẹta.

*Olóòtú ọ̀wọ́n,* ni Télọ̀ kà, *mo fẹ́ràn ìwé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó lé e bí adìyẹ tó sàba, títí yóò fi kà á tán. Lẹ́yìn náà, á sọ ìparí rẹ̀ fún mi kí n tó ṣí i. Kí ni kí n ṣe?* Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gbagada.

Ó ti gbàgbé pátápátá. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti gbà pé awakùsà lòun yìn.

"Gbogbo ilé ìwé ló kà á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti ń pè mí ní Asàba. Àwọn tíṣà pàápàá. Tí n bá fẹ́ jókòó ní kíláàsì, wọ́n á máa ké bí adìyẹ. Kí lo rò pé ó gbé mi dé ìdí ọkọ̀ ojú irin? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀."

"Ẹ wá ń pè mí ní òpùrọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!"

"Ìwọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

"Nǹkan yìí wà lápò yín, ẹ jẹ́ kí n máa ra ihò lọ́wọ́ obìnrin yẹn láti oṣù mẹ́ta!"

"O ò sọ fún mi pé ò ń wá a. Ká ní o sọ ni..." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ họ orí. "N ò mọ̀ bóyá ǹ bá fún ẹ."

Télọ̀ fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà méjì tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà kéékèèké tẹ èsì olóòtú. Ó sún un mọ́ ojú fèrèsé.

"Ó ní kó o lọ ra tìẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. *Ọ̀rẹ́ wa, ọ̀nà kan ló wà: ra tìrẹ.*"

Télọ̀ wo bébà náà. Ó wo ìwé oníhò tó wà lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo ti rà á," ni ó wí. "Ẹ̀mẹta."